Oògùn Funfun Tí Ń Kunni Lóorun: Kí Ni À Ń San Owó Rẹ̀ Fún?

 

Ọ̀rọ̀ ìpín, ẹ̀yáwó àti èlé ni a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí, a kì í kọ nípa oògùn. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ń ka orúkọ àwọn tó béèrè ẹ̀yáwó, a rí i pé mẹ́ta nínú wọn ló fẹ́ fi owó náà ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tó ń ta gàrí, mú ìwé ìṣirò owó tí ilé-ìwòsàn kọ fún un jáde. Ó fi ìka tọ́ ìlà kan níbẹ̀, ó ní:

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Owó dókítà tó máa fi abẹ kàn mí, mo gbà. Owó bẹ́ẹ̀dì, mo gbà. Ta wá ni ẹni tí wọ́n ní ó máa kùn mí lóorun, tí owó tiẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí? Ṣé oorun náà la tún ń rà ni? Wọ́n júwe ibòmíràn fún mi, wọn ò ní gba ti ìyẹn níbẹ̀ rárá. Dókítà kan ṣoṣo ni yóò ṣe méjèèjì pọ̀."

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí pé mo ti sùn sórí tábìlì yẹn rí. Mo bẹ ìyá yìí pé kí ó má tíì fagi lé ìlà náà, kí ó dúró de ìwé ìròyìn oṣù yìí. Èsì rẹ̀ nìyí, fún òun àti fún gbogbo wa. Ìlera loògùn ọrọ̀.

LÁTI ORÍ ÈÉFÍN DÉ ORÍ ABẸ́RẸ́

Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi abẹ kàn, dídè ni wọ́n máa ń dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí àwọn géńdé dì í mú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ William Morton fi èéfín ether kun aláìsàn kan lóorun níwájú àwọn dókítà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti yí padà. Ṣùgbọ́n èéfín ní wàhálà tirẹ̀. Ó ń rùn, ó ń ta ni lọ́nà ọ̀fun, ó ń pẹ́ kí ó tó gbé ènìyàn lọ, ó sì lè gbiná.

Ní ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo thiopentone, oògùn oorun tí wọ́n ń gún sínú iṣan. Ernest Volwiler àti Donalee Tabern, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ Abbott ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Dókítà Ralph Waters sì kọ́kọ́ fún ènìyàn ní oṣù kẹta ọdún náà ní Wisconsin. Ìyẹ̀fùn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀bà elépo díẹ̀ ni, omi ni wọ́n fi ń pò ó. Bí wọ́n bá gún un sí ọ lápá, kí o tó ka ogójì, oorun ti gbé ọ lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí oògùn yìí fi jẹ́ olórí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí lára rẹ̀, orí rẹ̀ á wúwo fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí wọ́n bá sì ń fún ènìyàn léraléra, inú ọ̀rá ara ni ó ń lọ kó jọ sí, ẹni náà kò sì ní tètè ta pútú.

Èyí ni wọ́n ń bá yí nígbà tí John Glen, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Iain, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ICI ní Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ẹranko ni ọkùnrin ará Scotland yìí. Ní ọdún 1973, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán kẹ́míkà kan wò lára àwọn eku, wọ́n rí i pé ó ń tètè kùn wọ́n lóorun, wọ́n sì ń tètè jí. Oògùn náà là ń pè ní propofol lónìí.

Kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1977 tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn, ohun kan tí wọ́n ṣe láti ara kásítọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n fi pò ó, ara àwọn kan sì kọ ohun náà débi tó fi léwu. Wọ́n dá a dúró. Glen kò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Wọ́n wá ohun mìíràn fi pò ó, nígbà tó sì di 1986, ó jáde sọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Diprivan ni orúkọ ọjà rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1989. Ní 2018, wọ́n fún Glen ní ẹ̀bùn ńlá Lasker nítorí iṣẹ́ yìí. Lónìí, ó wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kò-ṣeé-má-nìí.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÌGÒ NÁÀ?

Bí ẹ bá rí oògùn yìí nínú ìgò, ẹ ó rò pé mílíìkì ni. Ó funfun gbòò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọṣẹ kábọ́líìkì rí, ẹ mọ òórùn rẹ̀. Kẹ́míkà tó fún ọṣẹ náà lórúkọ ni wọ́n ń pè ní phenol. Mọ̀lẹ́bí phenol ni propofol; orúkọ rẹ̀ gígùn ni 2,6-diisopropylphenol. Phenol jẹ́ òrùka kábọ̀nù mẹ́fà, tí ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan so mọ́ ọn ní igun kan. Igun yìí ni omi fẹ́ràn láti dì mú. Ti propofol wá yàtọ̀ ní ti pé ẹ̀ka kan wà lọ́tùn-ún igun náà, òmíràn wà lósì, kábọ̀nù mẹ́ta-mẹ́ta ló sì wà lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀ṣọ́ méjì ni wọ́n ṣe dúró, wọn kì í jẹ́ kí omi ráyè sún mọ́ igun náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kábọ̀nù 12, háídrójìn 18 àti ọ́síjìn 1. Nítorí náà, òróró ni propofol, bí ẹ bá sì dà á sínú omi, kò ní yòrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín pé omi àti epo kì í gbé pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ gún òróró lásán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ìṣù òróró lè lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ènìyàn. Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú òróró ẹ̀wà sóyà, wọ́n da propofol sínú rẹ̀, wọ́n sì lo lẹ́sítíìnì tí wọ́n yọ láti inú pupa ẹyin. Lẹ́sítíìnì yìí ní orí méjì: ọ̀kan fẹ́ràn òróró, èkejì fẹ́ràn omi. Òun ló ń bá wọn parí ìjà. Ó fọ́ òróró náà sí wẹ́wẹ́, ó yí kálukú wọn ká, wọn kò sì lè tún para pọ̀ di ìṣù mọ́. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára wọn ló mú kí ó funfun bí mílíìkì.

Nínú 100 mílílítà oògùn yìí, gíráàmù 1 péré ni propofol. Òróró sóyà jẹ́ gíráàmù 10, glycerol jẹ́ gíráàmù 2.25, lẹ́sítíìnì ẹyin sì jẹ́ gíráàmù 1.2. Omi ni ìyókù. Àgbàlagbà tó wọ̀n tó 60 kílò, tí ara rẹ̀ le, ohun tó sábà ń gbà kó tó sùn wà láàárín mílílítà 9 sí 15. Kò ju ṣíbí tíì méjì sí mẹ́ta lọ. Àwọn arúgbó kì í gbà tó bẹ́ẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ọ̀rá pọ̀ nínú ọpọlọ ènìyàn, ọ̀rá náà ló sì pọ̀ lára ohun tó dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti omi kì í rọrùn fún un láti wọlé. Ṣùgbọ́n propofol jẹ́ òróró, wẹ́rẹ́ ni ó ń wọlé. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú tí wọ́n bá gún un tán, ó ti débẹ̀.

Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ wa láti ìgbà tí a ti dáyé, GABA ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ariwo inú ọpọlọ. Ẹ fi wé agogo tí alága wa máa ń lù nígbà tí gbogbo ìpàdé bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Propofol kò mú agogo mìíràn wá. Ó kàn ń fún agogo tó wà nílẹ̀ lágbára ni, débi pé gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ẹni náà kò ní gbọ́, kò ní rí, kò sì ní rántí. Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ìrora, nítorí náà wọ́n tún ń fún ni ní oògùn ìrora mọ́ ọn.

Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, bí wọn kò bá fi òmíràn kún un, ẹni náà á jí. Ẹ ó ní, ṣé oògùn náà ti tán lára rẹ̀ ni? Rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ gàrí kan wọ ìlú, ọjà ńlá ló kọ́kọ́ já gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Ọjà kún fọ́fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn alátùn-úntà ti kó gàrí náà lọ sí àwọn ọjà abúlé. Ẹni tó bá dé ọjà ńlá nírọ̀lẹ́ á ní gàrí ti tán, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì jẹ ẹ́ tán, ó wà lábúlé. Ọpọlọ ni ọjà ńlá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀. Ẹran ara àti ọ̀rá ni ọjà abúlé. Bí propofol bá ti kúrò nínú ọpọlọ lọ síbẹ̀, ojú á là. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀ á máa yí i padà díẹ̀díẹ̀, tí kíndìnrín á sì tú u dànù pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń tètè yanjú propofol ju bó ti ń yanjú thiopentone lọ, òun ló jẹ́ kí ojú ẹni tó jí lára rẹ̀ tètè mọ́.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń lò ó fún iṣẹ́ tí kò pẹ́, bíi títo eegun tó yẹ̀, tàbí fífi ẹ̀rọ wo inú ìfun. Bí iṣẹ́ abẹ náà bá máa pẹ́, wọ́n lè fi ẹ̀rọ máa tì í sínú iṣan díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi èéfín oorun ti òde òní tẹ̀ lé e.

IBI TÍ EWU WÀ

Ìyá wa onígàrí, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa.

Agogo tó pa ariwo ọpọlọ, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àti iṣẹ́. Apá ibi tó ń sọ fún àyà wa pé "mí, tún mí" wà nínú ọpọlọ kan náà. Bí propofol bá débẹ̀, èémí lè fà sẹ́yìn, ó sì lè dúró pátápátá. Ahọ́n á rọ, á sì dí ọ̀nà ọ̀fun. Ìfúnpá á lọ sílẹ̀. Kò sì sí oògùn kankan tí a lè gún fún ènìyàn láti fi pa agbára propofol. Dídúró ni a ó dúró tì í títí yóò fi tán fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe ìṣirò owó. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Agbára oògùn lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ni yóò mí fún ọ títí oògùn yóò fi tán? Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ìlà yẹn ni. Òun ló máa fa àgbọ̀n rẹ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun lè là, tó máa fi àpò afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn mí fún ọ, tó máa wo ìfúnpá rẹ, tó sì máa wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n há mọ́ ọ níka, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ti pọ̀ tó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikùn aláìsàn, tó ń gé, tó ń rán, kò lè máa fi ojú kan náà ṣọ́ èémí.

Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa Michael Jackson, olórin Amẹ́ríkà. Propofol yìí ló pa á ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009. Ó fẹ́ sùn, dókítà rẹ̀ sì ń fún un ní propofol nílé, níbi tí kò sí irú ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ nígbà gbogbo. Ilé-ẹjọ́ dá dókítà náà lẹ́bi ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Olówó ni Michael Jackson, dókítà ló sì gún un fún un. Ohun tó ṣaláìní ni ẹni tí yóò jókòó ṣọ́ èémí rẹ̀.

Ewu kejì ni ti ìdọ̀tí. Òróró sóyà àti ẹyin, oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún kòkòrò àìfojúrí. Bí wọ́n bá ṣí ìgò propofol, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ de ẹlòmíràn, kòkòrò á máa pọ̀ sí i níbẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ní Amẹ́ríkà láàárín 1990 sí 1993, ilé-ìwòsàn méje ni àwọn aláìsàn ti ní àkóràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ìwádìí sì fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń lo propofol láìmọ́ tó ló fà á. Ìgò ẹnì kan, ti ẹnì kan ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídà nù ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dínwó tan yín níbẹ̀.

OÚNJẸ TÍ MO JẸ NÍ ÌDÁJÍ

Ìpá ni wọ́n ṣe fún mi. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi lálẹ́ pé n kò gbọdọ̀ jẹun. Nígbà tó di ìdájí, ebi dé, mo sì ní ẹ̀kọ kan àti àkàrà méjì nínú àpò. Mo ní kí lẹ̀kọ kan fẹ́ ṣe. Mo jẹ ẹ́, mo nu ẹnu mi.

Nọ́ọ̀sì béèrè, mo ní n kò jẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni dókítà akunnilóorun wá, ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tún béèrè, mo tún sẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ bá a yín jà. Bí ẹ bá ti jẹun, ọ̀la la ó ṣe é. Bí ẹ bá parọ́ fún mi, ó lè má sí ọ̀la."

Mo jẹ́wọ́. Ojú tì mí, wọ́n sì sún un di ọjọ́ kejì. Nígbà náà ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹ̀ṣọ́ kan wà ní ọ̀fun wa tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí propofol bá dé, ẹ̀ṣọ́ náà á sùn. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá, kí ó sì bá ọ̀nà èémí lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí oúnjẹ líle jìnnà tó wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kí èyí tó lọ́ràá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí omi lásán sì tó wákàtí méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní apá á ta mí díẹ̀, ó sì ta mí lóòótọ́, bí ata. Ó ní kí n máa kà. N kò rántí pé mo ka ogún. Ohun tí mo tún gbọ́ ni "Bàbá, ẹ jí." Mo béèrè pé ìgbà wo ni wọn ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti parí.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ SỌ ÀTI OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ BÉÈRÈ

1. Ẹ sọ òtítọ́ nípa oúnjẹ àti omi, títí kan ẹ̀kọ, obì àti mílíìkì.

2. Ẹ ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọtí àti sìgá. Wọn kò béèrè kí wọ́n lè bú yín.

3. Bí ẹyin tàbí sóyà kì í bá yín lára mu, ẹ sọ. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ti rí ìjàǹbá lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ rí, ẹ sọ pẹ̀lú.

4. Ẹ béèrè pé: "Ta ni yóò dúró tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí n ó fi jí? Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn? Ṣé ọ́síjìn wà? Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka wà?" Kì í ṣe àfojúdi.

5. Bí wọ́n bá ní ketamine ni àwọn ó lò, tàbí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ béèrè. Ketamine kì í sábà dá èémí dúró bíi ti propofol, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ni.

6. Fún odidi wákàtí 24 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ má ka owó, ẹ má sì tọwọ́ bọ ìwé kankan, títí kan ìwé ẹ̀yáwó tiwa níbí. Ojú lè ti là kí ọpọlọ má tíì mọ́ tán. Kí ẹnì kan nínú ilé sun ọ̀dọ̀ yín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá wa, ìbéèrè yín dára, ó sì ti ṣe gbogbo wa lóore. Oorun kò wọ́n. Ìgò kékeré yẹn kọ́ ni wọ́n fi owó yín rà. Ẹni tí yóò ṣọ́ èémí yín nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè ṣọ́ ọ ni ẹ ń san owó rẹ̀. Ẹ má fagi lé ìlà yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ yá owó iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ wa, kí ó kọ ìlà náà sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀, kí ó máà fò ó nítorí kí iye owó lè kéré.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ìjàǹbá. Ó dìgbà ìpàdé.